Sítírípù àyẹ̀wò hẹpatáítìsì C: ó yára, ó péye, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa ní Òṣogbo ra páálí sítírípù àyẹ̀wò hẹpatáítìsì C, àrùn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò kan ń fà, fún ọjọ́ ìlera tí a ṣe, èmi ni wọ́n sì ní kí n yan èyí tí a máa rà. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo jókòó sídìí tábìlì tí mò ń gún àwọn èèyàn níka, èmi ni mo ka èsì, èmi ni mo sì tẹ̀ lé àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn gba àmójútó dé láàbù ilé ìwòsàn ńlá. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe sítírípù náà, torí pé èyí tí ẹ máa rí rà lọ́wọ́ apòògùn ládùúgbò yín lè yàtọ̀ sí tiwa, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn sì ń ṣe. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó yọ owó.

Bí ẹ bá ya àpò fóìlì rẹ̀, pátákó pílásítíìkì funfun kan ló máa jáde, kò gùn ju ìka àárín lọ. Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí ẹ máa kán ẹ̀jẹ̀ sí, fèrèsé tín-ín-rín kan wà lókè rẹ̀, lẹ́tà C àti T sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà. Ẹ fi sípíríìtì nu ìka, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ gún un, ẹ nu ẹ̀jẹ̀ tó kọ́kọ́ yọ kúrò, ẹ wá fa èyí tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kán an sínú ihò, ẹ fi omi inú ìgò kékeré tẹ̀ lé e, iye tí ìwé inú páálí bá sọ ni kí ẹ kán, kì í ṣe iye tó bá wù yín. Ẹ máa rí i bí pupa ṣe ń rákò gòkè nínú fèrèsé náà títí tí ojú rẹ̀ á fi mọ́. Ìlà C ló ń sọ fún wa pé sítírípù náà ṣiṣẹ́. Bí C bá kọ̀ tí kò yọ, ẹ jù ú nù kí ẹ mú òmíràn, ohun yòówù kí T sọ. Bí T bá yọ, kódà kó jẹ́ ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ní láti gbé sínú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó rí i, ó ti yọ náà nìyẹn. Èyí tó bá wá yọ lẹ́yìn àsìkò tí wọ́n kọ sínú ìwé kò ṣe é gbà.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò gba iná mànàmáná, kò gba fíríìjì, èèyàn kò ní sùn kó jí kó tó mọ èsì. Nínú ìpàgọ́ ìlera tí èrò pọ̀, tí àwọn ọmọ ń sunkún, tí ẹnu màmá kan kò sì dákẹ́ lórí oúnjẹ tí wọn kò tíì gbé dé, sítírípù yìí ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kòkòrò kọ́ ló ń wá o. Ohun tí ara fúnra rẹ̀ ṣe láti fi bá kòkòrò náà jà ló ń wá, ìyẹn àńtíbọ́dì. Àwọn tó ṣe sítírípù náà ti fi protéènì tó jọ ti kòkòrò hẹpatáítìsì C sí ojú ìlà T. Bí ẹ̀jẹ̀ yín bá gbé àńtíbọ́dì tó mọ protéènì yẹn kọjá, ó máa lẹ̀ mọ́ ọn, àwọ̀ á sì yọ. Ó parí síbẹ̀. Àńtíbọ́dì yìí kì í tètè kúrò lára. Ẹni tí kòkòrò ti tán lára rẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn lè ṣì ní in. Àpá ni. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, gbogbo ayé ló máa rí i pé nǹkan kan gé ọ níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n wọn kò lè tibẹ̀ mọ̀ bóyá ọ̀bẹ náà ṣì wà nínú ẹran.

Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn sí àwọn láàbù kan. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ wá sí tábìlì wa pẹ̀lú ìwé èsì tó ti gbó sínú báàgì wọn. Láàbù kan ló kọ ọ́ sí i pé hẹpatáítìsì C wà, ó gba owó rẹ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ kan lé e. Ìyá yìí ti ya abọ́ àti ife tiwọn sọ́tọ̀. Wọn kò se oúnjẹ fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn mọ́, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kó ràn wọ́n. Mo gún wọn níka, T yọ fòò.

Mo ní, “Màmá, ẹ jókòó. Ìlà yìí kò tíì sọ pé àrùn wà lára yín.”

Wọ́n wò mí títí. “Nọ́ọ̀sì, ẹ má tàn mí o. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Mo kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ife, abọ́, oúnjẹ àti ìdìmọ́ra kì í tan hẹpatáítìsì C kálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà: ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò yẹ̀ wò kí wọ́n tó fà á síni lára, abẹ́rẹ́ tí ẹni méjì jọ lò, abẹ gbẹ́rẹ́ tàbí abẹ ìkọlà tí wọn kò sè, abẹ ìfárí tó ti gé ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn la jọ lọ ṣe àyẹ̀wò kejì, èyí tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Èsì jáde: wọn kò rí nǹkan kan. Ara ìyá yìí ti lé e lọ láìlo oògùn kankan, àwọn fúnra wọn kò sì mọ ìgbà tó wọlé tàbí ìgbà tó jáde. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ tán, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé àwọn lè bá àwọn ọmọ jẹ àmàlà nínú abọ́ kan náà. Mo ní kí wọ́n jẹ ẹ́ lónìí.

Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu ló ṣẹlẹ̀ sí wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí kòkòrò yìí bá wọ ara wọn, bí 30 máa lé e kúrò fúnra wọn láàárín oṣù mẹ́fà, láìsí ìtọ́jú kankan. Àwọn tó kù, tó tó bí 70, ni yóò bá gbé. Bí ìjà yìí ṣe ń lọ yani lẹ́nu, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá rí ìlà T mọ̀ ọ́n, kó lè mọ ohun tí ara rẹ̀ ti là kọjá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí kòkòrò náà bá ti wọlé, ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń bí sí i, débi pé lára ẹni tó bá ń bá a gbé, ohun tó ń jáde lójúmọ́ lè tó bílíọ̀nù kan lọ́nà ẹgbẹ̀rún. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní ohun tó fi ń mọ̀ pé àlejò wọlé. Bó bá ti mọ̀, ó yẹ kó ṣe interferon, èròjà tó ń kìlọ̀ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká pé kí wọ́n múra. Kòkòrò yìí gbọ́n. Ó ní protéènì kan tó ń lò láti fi ṣe ara rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní NS3/4A, protéènì yẹn náà ló sì ń gé okùn tí ìkìlọ̀ yẹn máa gbà kọjá, ìyẹn MAVS. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì tó ti kó àrùn náà lè mọ̀ pé ọ̀tá wà nílé kó má lè pariwo.

Àwọn ọmọ ogun ara tó mọ ojú kòkòrò yìí gan-an, sẹ́ẹ̀lì T (T yìí kì í ṣe ti ìlà sítírípù o), kì í tètè dé. Ó máa ń tó oṣù kan ààbọ̀ sí oṣù méjì kí wọ́n tó jáde. Méjì ni mo fẹ́ dárúkọ níbí. CD8 ló ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ti kó àrùn. CD4 ló ń ti CD8 lẹ́yìn, tó ń jẹ́ kó lókun. Lára àwọn tó bá bọ́, ohun tí àwọn onímọ̀ máa ń rí ni CD4 tó lágbára, tó dojú kọ ibi púpọ̀ lára kòkòrò náà, tí kò sì rẹ̀wẹ̀sì láàárín ìjà. Níbi tí CD4 bá ti rọ̀, CD8 á máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun kan á yọ lójú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PD-1, tó ń sọ fún un pé kó sinmi, bẹ́ẹ̀ ìjà kò tíì tán. Kòkòrò náà kò sì dúró lójú kan. Ẹ̀rọ tó fi ń da ara rẹ̀ kọ kì í ṣàtúnṣe àṣìkọ, àwọn ọmọ tó ń bí kì í jọra wọn délẹ̀délẹ̀, àwọ̀ ìta rẹ̀ ló sì ń tètè yí padà jù. Àńtíbọ́dì tí ara ṣe fún aṣọ tó wọ̀ lóṣù tó kọjá lè má mọ èyí tó wọ̀ lónìí. Ìdí pàtàkì tí kò fi tíì sí àjẹsára fún hẹpatáítìsì C nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ti B wà, a sì ń gún un fún ọmọ ọjọ́ kan.

Àńtíbọ́dì tí sítírípù ń wá máa ń yọ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mọ́kànlá lẹ́yìn tí kòkòrò bá wọlé. Nítorí náà, bí abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn bá gún yín lánàá, sítírípù kò ní nǹkan kan láti sọ fún yín lónìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí HIV ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára: ara tí kò lè ṣe àńtíbọ́dì dáadáa lè jẹ́ kí T má yọ, kí kòkòrò sì wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí sítírípù tan irú wọn jẹ.

Ìyàwó ilé kan gbé ọmọ oṣù mẹ́rin wá pé kí n bá òun gún un, torí pé dókítà ti sọ fún òun pé òun ní hẹpatáítìsì C. Mo kọ̀. Nígbà tí mò ń gbẹ̀bí, mo ti rí ìyá tó sunkún lórí ìlà tí kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀. Àńtíbọ́dì ìyá máa ń gba inú ibi ọmọ kọjá sára ọmọ, ó sì lè wà níbẹ̀ títí ọmọ á fi tó oṣù méjìdínlógún. Ìyá ni sítírípù á máa kà lára ọmọ. Àwọn ọmọ tí ìyá kó o ràn kò sì pọ̀, wọn kò ju bíi márùn-ún sí mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Mo júwe dókítà ọmọdé fún un, pé àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò ni kó béèrè fún.

Ẹni kejì tí T yọ fún nínú ìpàgọ́ wa, ọ̀dọ́kùnrin tó ń gẹ irun ni. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é, ó tiẹ̀ ń bá mi ṣàwàdà pé bóyá sítírípù ló ń ṣàìsàn. Àyẹ̀wò kejì rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ohun tó yà á lẹ́nu jù nínú gbogbo ohun tí mo bá a sọ ni pé kòkòrò náà fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ jù. Ìjà ni. Sẹ́ẹ̀lì T ń pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó kó àrùn, kò pa wọ́n tán, kòkòrò ń wọ òmíràn, ẹ̀dọ̀ ń wú, ó ń tún ara rẹ̀ ṣe, ó ń wú padà, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ á máa le díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Láàárín ogún ọdún, nǹkan bíi 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń bá a gbé ni ẹ̀dọ̀ wọn yóò ti le gbagidi, níbi tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀. Olúwarẹ̀ á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ ta ìgò kan fún yín pé ó ń fún ọmọ ogun ara lágbára kó lè lé hẹpatáítìsì C, ẹ fi owó yín sápò. Ara tó ti ń jà láti ọdún mẹ́wàá kò nílò ìjà sí i, àgbo mìíràn sì wà tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tó wo ọ̀dọ́kùnrin yìí sàn ni sofosbuvir pẹ̀lú daclatasvir, tó ń lò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Oògùn méjèèjì kò dúró de ọmọ ogun ara. Sofosbuvir ń dá ẹ̀rọ tí kòkòrò fi ń da ara rẹ̀ kọ dúró, daclatasvir ń di protéènì mìíràn tó nílò lọ́wọ́, ẹni tó lé 95 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì ń rí ìwòsàn. Àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ interferon ni wọ́n fi ń tọ́jú C mọ bó ṣe rí: ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjìdínláàádọ́ta, ibà, irun jíjá, ìbànújẹ́ tí kò nídìí, bí ìdajì wọn ni kò sì rí ìwòsàn.

Interferon yẹn kò tiẹ̀ bá àwa aláwọ̀ dúdú rẹ́ bó ti bá àwọn ẹlòmíràn rẹ́, àwọn onímọ̀ sì wá rí ìdí kan fún un ní 2009. Àyípadà kékeré kan wà lẹ́bàá jíìnì (ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tí a jogún lọ́wọ́ òbí) tí wọ́n ń pè ní IL28B. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kan máa ń lé hẹpatáítìsì C lọ fúnra rẹ̀ ju ẹni tí kò ní in lọ, interferon náà sì máa ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ jù; irú yẹn pọ̀ gan-an lára àwọn ará Ìlà-Oòrùn Éṣíà, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára àwa ọmọ Áfíríkà. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ti wà nínú irú ìmọ̀ yìí tipẹ́: ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá tó gbà láti kópa ní Ìbàdàn wà lára èyí tí iṣẹ́ HapMap fi ya àwòrán jíìnì ọmọ aráyé, tí àwọn onímọ̀ ń lò títí dòní. Inú mi dùn sí ìyẹn. Inú mi dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ pé oògùn tuntun wọ̀nyí kò wo jíìnì yẹn mọ́jú.

Kí dókítà tó fún ọ̀dọ́kùnrin yẹn lóògùn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún hẹpatáítìsì B. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fo ìyẹn. B pọ̀ nílẹ̀ wa ju C lọ dáadáa, ó sì lè sùn lẹ́yìn C fún ọdún púpọ̀; bí oògùn bá lé C lọ, B lè jí. Láti 2016 ni àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ yìí sára àwọn oògùn náà.

Lẹ́yìn tó lo oògùn tán tí ọ̀sẹ̀ méjìlá mìíràn kọjá, wọ́n tún wá kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Mo ní kó fi ìwé yẹn sínú ọ̀rá kó má sọ ọ́ nù. Bí ibi iṣẹ́ tàbí ilé ìwòsàn kan bá tún fi sítírípù gún un níka lọ́dún mẹ́wàá sí i, T á ṣì lè yọ, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ á sì sọ fún un pé àrùn wà lára rẹ̀. Mo tún sọ fún un pé àńtíbọ́dì yìí kò ní dá C mìíràn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá tún fi abẹ tó gé ẹlòmíràn gé ara rẹ̀, ó lè tún kó o. Abẹ tuntun fún orí kọ̀ọ̀kan ló ń lò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí, ó sì ń fi han oníbàárà kó tó ya bébà rẹ̀.

Nǹkan kan wà nípa sítírípù yìí tí mo máa ń rántí bí mo bá mú un lọ́wọ́. Kí 1989 tó dé, kò sẹ́ni tó rí kòkòrò náà rí. Dókítà Harvey Alter ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé ohun kan tí kì í ṣe hẹpatáítìsì A tí kì í ṣe B ń bá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà síni lára wọlé. Ìgbà tí Michael Houghton àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Chiron fi àńtíbọ́dì inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan dẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ègé jíìnì ni wọ́n tó rí ègé kan tó jẹ́ ti kòkòrò náà. Àńtíbọ́dì ló fi ọ̀tá han ọmọ aráyé. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú Charles Rice ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 2020.

Àwọn àléébù rẹ̀ kò pọ̀. Ìwé inú páálí, lẹ́tà rẹ̀ kéré jù fún ojú àgbà. Òoru sì ni ọ̀tá rẹ̀: wọ́n kọ ọ́ sára páálí tiwa pé kó má kọjá ìwọ̀n ooru 30, síbẹ̀ ẹnìkan tó ń tà á kó tirẹ̀ sójú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sì kọjá lọ síbòmíràn. Mo fún sítírípù náà ní máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún. Àyẹ̀wò kejì ni mo fún ní márùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ju ti sítírípù lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po, tí a sì dúró pẹ́ kí èsì tó jáde. Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n fi ń yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò lè ṣe é, bí wọ́n bá ní katíríìjì ti C. Ẹ béèrè kí ẹ tó wọ mọ́tò.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ra páálí, ẹ kọ́kọ́ yọ owó àyẹ̀wò kejì sọ́tọ̀ fún ẹni tí T bá yọ fún. A yọ tiwa nínú owó ìpàdé oṣooṣù. Òun la fi san ti Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ àti ti ọ̀dọ́kùnrin yẹn, èyí tó kù sì wà lọ́wọ́ akápò fún ìpàgọ́ tó ń bọ̀.